Owó Èdè Tíṣà Ayọ̀ladé

Láti ìdájí ni ara Ayọ̀ladé kò ti balẹ̀. Ó po tíì, ó gbàgbé rẹ̀ títí ó fi tutù. Ó wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ káàkiri, inú firíìjì ló ti bá a. Ó sì dé ilé-ìwé rẹ̀ ní Lewisville kí ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn tó dé. Owó èdè rẹ̀ ni wọ́n ń bọ̀ wá yẹ̀ wò lónìí.

Ẹ má bi mí bí ọmọ Ìsẹ́yìn ṣe di tíṣà Sípáníìṣì ní Texas. Malabo ni bàbá rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ káfíńtà, Sípáníìṣì tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ló sì fi dàgbà. Sípáníìṣì ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní àwọn kíláàsì kan ní ilé-ìwé yìí, wọ́n sì ń fi owó kún owó oṣù tíṣà tó bá lè ṣe é. Àmọ́ àdéhùn wà níbẹ̀: bí olùbẹ̀wò bá ti wà ní kíláàsì, èdè mìíràn kò gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu tíṣà. Bó bá jáde, owó náà dúró títí di ọdún tó ń bọ̀. Owó yìí ló fi gba apartment tirẹ̀, tó fi kúrò lórí àga gígùn nínú pálọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Fọlákẹ́, ní Little Elm. Ọdún méjì ló fi sùn lórí àga yẹn. Ọrùn rẹ̀ kò tíì gbàgbé.

Jessica olùbẹ̀wò jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ìwé rẹ̀, ẹ̀kọ́ sì lọ geere. Ó kù díẹ̀ kó parí nígbà tí Jessica wá síwájú láti béèrè nǹkan, tí àwọn méjèèjì jọ ń sọ Sípáníìṣì. Ìgbà yẹn ni Ayọ̀ladé rí Jọmílójú.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni, kò tíì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tó ti Ìbàdàn dé. Àyè kò sí ní kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ṣe fi í síbí. Ó káwọ́ pọ̀nyìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń wolẹ̀. Tíṣà mìíràn ì bá rò pé ó kàn dúró ni. Ayọ̀ladé mọ̀ pé ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kì í já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ àgbà lẹ́nu, ì báà máa kú lọ.

Ó fi Sípáníìṣì bi í. Ọmọ náà kàn ń wò ó, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó fọwọ́ júwe ilẹ̀kùn, ọmọ rò pé wọ́n ń lé òun ni, omi lé ròrò lójú rẹ̀. Inú bí Ayọ̀ladé sí àdéhùn, ó bí i sí Jessica, ó sì bí i jù sí ara rẹ̀ tó ṣì ń rò ó.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Jọmílójú, kí ló ń ṣe ẹ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìtọ̀ ń gbọ̀n mí."

Ó gbé ọmọ, ó sáré lọ sí ilé ìtọ̀. Díẹ̀ ló kù kí ìtọ̀ bọ́ lọ́nà.

Nígbà tí wọ́n padà, Jessica ti kọ̀wé. "I'm sorry," ló wí. "I had to put it down."

"I know," ni Ayọ̀ladé dáhùn.

Lẹ́yìn iṣẹ́, ó jókòó sínú ọkọ̀, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ káàsán mà. Ṣé couch yín ṣì wà?"

"Ó wà. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Wọ́n ti dá owó èdè mi dúró. Mo sọ Yorùbá níwájú olùbẹ̀wò."

"Kí lo wá sọ tó le tó bẹ́ẹ̀?"

"Mo bi ọmọ kan pé, 'Kí ló ń ṣe ẹ́?'"

Fọlákẹ́ ní, "Ìwọ náà ńkọ́, àbúrò mi? Kí ló ń ṣe ẹ́?"

Látàárọ̀, kò tíì sẹ́ni tó bi í. Ayọ̀ladé gbórí lé sítíárì, ó sì sunkún.