Ìdí Mángòrò Tí Kò Ní Mángòrò

Ẹ kọ́kọ́ bá mi fara dà á o. Ìwé mi kò lọ jìnnà, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyí tí màá kọ nǹkan gígùn síbí, nítorí ẹni tó máa ń kà tí kì í sọ̀rọ̀ ni mí. Bí mo bá fi ọ̀rọ̀ kan síwájú èyí tó yẹ kó ṣáájú rẹ̀, ẹ bá mi tò ó. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí lọ́sẹ̀ tó kọjá, n kò lè dá a gbé mì.

Àwọn kan nínú yín ń bèèrè pé ṣé ó ṣì tọ́ kí awakọ̀ máa san owó ọdọọdún fún àwọn tó máa ń wá gba èèyàn sílẹ̀ bí ọkọ̀ bá kú sójú ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi dáhùn.

Àǹtí Rónkẹ́, àbúrò ìyá mi, ń sin adìyẹ ní abúlé wa ní Lágelú, nítòsí Ìbàdàn. Èmi ni mo ń wa bọ́ọ̀sì kékeré wọn. Mo ń gbé ẹyin lọ sí ọjà Ṣáṣá, mo ń gbé oúnjẹ adìyẹ bọ̀ wálé. Wọ́n forúkọ bọ́ọ̀sì náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ kan, iléeṣẹ́ náà sì fún wa ní káàdì tí nọ́ńbà fóònù wà lára rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá dákú, kí a pè, wọn yóò rán mẹkáníìkì wá.

Àwọn awakọ̀ gáréèjì wa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́! Brọ̀dá Múfú, tó dàgbà jù nínú wọn, ní ṣé káàdì ni màá fi so ẹnjìnnì ni. Bí mo bá ti ń kọjá, wọn á ké pé, “Ìyàwó Oníkáàdì, ẹ kú ọ̀nà o!” Èmi tí ojú máa ń tì, màá kàn sáré wa ọkọ̀ mi lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ gbé àwọn páálí ọmọ adìyẹ ọjọ́ kan, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin, ní Ẹgbẹ́dá. Kí ẹ tó lè mọ bí ọkàn mi ṣe rí, ẹ gbọ́ èyí ná: àrùn wọ ilé adìyẹ Àǹtí mi lọ́dún yìí, gbogbo adìyẹ wọn ló kú tán. Ilé náà dákẹ́ rọ́rọ́. Àwọn ọmọ adìyẹ tí mo lọ gbé yìí ni wọ́n fẹ́ fi tún bẹ̀rẹ̀. Bí àwọn náà bá tún lọ, ó parí nìyẹn.

Ọ̀sán gangan ni. Mo gba ọ̀nà abúlé kí n lè tètè dé. Bí mo ṣe dé Ìdí Mángòrò, nǹkan já nínú ẹnjìnnì, pàà! Iná pupa tàn níwájú mi, èéfín ń rú jáde. Fáànù bẹ́ẹ̀tì, rọ́bà tó ń yí fáànù ẹnjìnnì, ló já. Mo pa ọkọ̀, mo ṣẹ́ ewé sẹ́yìn rẹ̀ kí ẹni tó ń bọ̀ lè mọ̀. Ìgbà yẹn ni mo wá gbọ́ àwọn ọmọ adìyẹ. Ẹni tó bá ti sin adìyẹ rí mọ ohùn tí mò ń wí. Kì í ṣe ohùn eré mọ́, ohùn ooru ni.

Mo pe nọ́ńbà náà. N kì í fẹ́ bá ẹni tí n kò mọ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù rárá. Ọkùnrin kan gbé e, ó kí mi pẹ̀lẹ́, ó bi mí pé níbo ni mo wà. Mo ní Ìdí Mángòrò. Ó ní kí n má dààmú, mẹkáníìkì wọn kò jìnnà síbẹ̀. Inú mi dùn!

Nígbà tó yá, mẹkáníìkì náà pè.

“Mo ti dé Ìdí Mángòrò o. N ò rí yín.”

“Ìdí Mángòrò náà ni mo wà, sà.”

“Ẹ juwọ́ kí n rí yín.”

Mo bọ́ sáàárín títì, mo ń ju ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tí agbọ́n lé. Ó ní òun náà ń juwọ́. Àwa méjèèjì wá ń juwọ́ sí afẹ́fẹ́!

Ìyá àgbà kan ń ti oko bọ̀, apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́ lórí wọn. Wọ́n dúró, wọ́n ń wò mí. “Ọmọ, ta lò ń bá jà?”

Mo ṣàlàyé. Wọ́n sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀, wọ́n gba fóònù, wọ́n sì pariwo sí i bí ẹni pé ohùn ni yóò fẹsẹ̀ rìn dé ọ̀hún.

“Ìwọ tó o ní o wà ní Ìdí Mángòrò, kí lò ń rí níwájú ẹ?”

Ó ní òun wà lábẹ́ igi mángòrò ńlá kan.

“Háà! O ti ṣìnà! Ìdí Mángòrò tiwa kò ní mángòrò. Wọ́n ti gé e kí wọ́n tó bí ọmọ yìí. Ibi tó o bá ti rí mángòrò, má dúró níbẹ̀!”

Ṣé ẹ rí i? Ìdí Mángòrò tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀nà-Àrà ni ọkùnrin náà wà! Ìdí Mángòrò mélòó ló wà yí Ìbàdàn ká? Ìdí Osè ńkọ́? Ṣùgbọ́n ta ló máa ń rántí pé orúkọ àdúgbò òun wà níbòmíràn? Lójú tèmi, ọ̀kan ṣoṣo ló wà láyé.

Ìyá náà ní kí ó bèèrè Ìdí Mángòrò Elépo, nítorí ẹbu tí wọ́n ti ń fún epo pupa tó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n yọjú wo inú ọkọ̀. Wọn kò tún bi mí ní nǹkan kan. Wọ́n kọjú sí ẹbu, wọ́n figbe ta: “Ẹ wá o! Ọmọ ń kú!”

Àwọn obìnrin sáré jáde, epo lọ́wọ́, wọ́n rò pé ọmọ èèyàn ni! Nígbà tí wọ́n rí i pé adìyẹ ni, ọ̀kan pòṣé sí ìyá náà. “Ìyá Àlàbí, ẹ fẹ́ pa mí ni?” Òun náà ló sì kọ́kọ́ gbé páálí.

Wọ́n kó wọn sí ibòji lẹ́yìn ẹbu, níbi tí iná kò dé. Wọ́n ṣí páálí, wọ́n bu omi sínú ìdérí ìkòkò, wọ́n ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí wọn bí àlejò pàtàkì. Ẹni tó pòṣé yẹn jókòó tì wọ́n, ó ń rẹ̀ wọ́n lẹ́kún.

Mẹkáníìkì dé nígbà tó pẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Àlàbí, ó ní kí wọ́n má bínú, mángòrò ló tan òun. Wọ́n ní, “Ṣé o sì jẹ nínú ẹ̀?” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, èmi tí mo ti ń sunkún náà rẹ́rìn-ín. Ó pààrọ̀ bẹ́ẹ̀tì, ó dúró kí ẹnjìnnì tutù kó tó rọ omi sí i, kò sì bèèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi.

Àwọn díẹ̀ kú, n kò ní purọ́. Èyí tó pọ̀ jù délé. Àǹtí mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé adìyẹ, wọ́n ń gbọ́ ariwo wọn títí ilẹ̀ fi ṣú.

Brọ̀dá Múfú ní ṣebí àwọn elépo ló gbà mí, kì í ṣe káàdì. Òótọ́ ni wọ́n sọ! Bí kò bá sí àwọn obìnrin yẹn, òkú adìyẹ ni mẹkáníìkì ì bá bá. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí mẹkáníìkì, ta ni ì bá gbé mi délé? Mẹkáníìkì tí èèyàn bá já lù lójú ọ̀nà máa ń wo ojú ẹni kó tó dá owó lé e, èmi kò sì mọ bí a ṣe ń nájà pẹ̀lú omijé lójú. Nítorí náà, lójú tèmi, ó ṣì tọ́ kí a san án. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó mú yín gbàgbé láti máa kí àwọn ará ọ̀nà tí ẹ ń gbà. Ẹ sì sọ ibi tí ẹ wà dáadáa!

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló yọ yín nígbà tí ọkọ̀ yín kú? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, màá kà á, bí n kò bá tilẹ̀ lè fèsì.

Ó ku nǹkan kan tí n kò tíì sọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí Àǹtí mi tó jí, mo lọ sẹ́yìn ilé, mo pe iléeṣẹ́ náà. Ọkùnrin àná yẹn ló gbé e. Ó bi mí pé kí ló tún ṣe ọkọ̀. Mo ní kò ṣe nǹkan kan, mo kàn ní kí n kí wọn kú iṣẹ́ àná ni. Ó ní ẹnikẹ́ni kì í pe àwọn bí ọkọ̀ bá ń ṣiṣẹ́.

Mo wá ní, bí kò bá ní yọ wọ́n lẹ́nu, kí wọ́n mú bírò. Mo sì rọra ń pe orúkọ àwọn abúlé ọ̀nà wa fún un, àti ohun tí ojú yóò rí níbẹ̀ ní tòótọ́. Ìdí Mángòrò Elépo: kò ní mángòrò, ẹbu ni kí ẹ wò. Ìdí Osè: igi osè ṣì wà. Ìdí Ìrókò: ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun ló wà níbẹ̀ báyìí.