Ojú Méjì Nínú Omi Kíkan

Bí mo ṣe ṣí ìgò fínígà láti fi po sàláàdì àwọn ọmọ mi, òórùn rẹ̀ gbé mi padà sí ìgbà èwe mi, sí yàrá dúdú tí Bàbá onífótò ti ń fọ fótò ní Ìpàtá. Wọ́n ti yà mí ní fótò lẹ́ẹ̀mejì lórí bẹ́ǹṣì kan, lápá òsì, lẹ́yìn náà lápá ọ̀tún. Lábẹ́ iná pupa, ọmọ méjì yọ lórí bébà kan ṣoṣo.

“Táyé ìkejì rẹ nìyẹn,” ni Màámi tó dúró tì mí wí.

Mo tẹjú mọ́ ọn. Àpá àgbọ̀n mi wà ní àgbọ̀n tirẹ̀ náà! “Màámi, èmi mà ni!”

Bàbá onífótò yára ki bébà bọ omi ásíìdì, òórùn fínígà sì gba yàrá. “Kẹ́hìndé, panu mọ́. Omi yìí ló ń dá àwòrán dúró, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ojú yín á dú.”

Táyé ti kú kí n tó mọ ìjókòó, láìní fótò kankan; èmi ni wọ́n yà dípò rẹ̀.

Màámi rọra fọwọ́ kan ojú Táyé lórí bébà tútù náà. “Ọmọ mi ti dàgbà,” ni wọ́n wí.