Ìyá Ọ̀gá Mi Ló Wá Gba Iṣẹ́ Lọ́wọ́ Mi

Àwa mẹ́ta péré la wà ní ilé-iṣẹ́ tuntun kan: ọ̀gá mi, obìnrin kan tó máa ń bá kọ̀ǹpútà jà látàárọ̀ dalẹ́, àti èmi. Yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù aláṣọ ní Rye Lane, ní London níbí, là ń lò. A ṣe áàpù kan tí èèyàn lè fi jókòó sílé rẹ̀ ra iṣu, ẹja àti ata ládùúgbò wa, tí a ó sì gbé e dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Èmi ni mo ń bá àwọn ọlọ́jà sọ̀rọ̀, torí London ni wọ́n bí ọ̀gá mi sí, Yorùbá rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ kọjá ẹ kú àárọ̀.

Àbúrò mi tó kéré jù lọ ṣì dàgbà ju ọ̀gá mi lọ, nítorí náà Aunty ló ń pè mí. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo ti ṣiṣẹ́ rí níbi tí ọ̀gá àgbà kò ti mọ orúkọ mi. Níbí, bí orí bá ń fọ́ mi, òun fúnra rẹ̀ ló máa po tíì fún mi. Èrò tí mo bá mú wá láàárọ̀, a ti ń lò ó kó tó di ọ̀sán. Ṣùgbọ́n èmi náà ni mo ń gbálẹ̀, èmi ni mo ń ru iṣu sọ̀kalẹ̀ bí awakọ̀ kò bá wá. Àti pé ọmọ tó ń pe èèyàn ní Aunty kò lè bá a wí. Bí mo bá pẹ́ dé, ńṣe ni yóò máa wo ojú fèrèsé.

"Ọ̀gá, bú mi jàre," ni mo máa ń wí, "kí ara lè tu gbogbo wa."

Nígbà tó yá, àwọn ilé ìtajà ńláńlá bẹ̀rẹ̀ sí í ta ohun tí à ń tà. Àwọn oníbàárà wa dín kù. Ọ̀gá mi kàn ń rù sí i ni. Ẹ̀rù bà mí, torí iṣẹ́ yẹn nìkan ni mo ní, ọmọ mi sì ṣì wà ní yunifásítì.

Ní Sátidé kan, agogo ẹnu ọ̀nà ilé mi ní Walworth dún. Ìyá ọ̀gá mi ni, ó gbé kúlà mọ́ínmọ́ín dání, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ torí lífítì ilé wa ti bàjẹ́. Ó kí mi, ó kí ọmọ mi, ó kí ilé. Mo ti mọ̀ kó tó jókòó.

"Àbúrò mi, ẹ má bínú," ó ní. "Ọmọ yín, ọ̀gá yín yẹn, ló rán mi. Company yẹn máa close ní month end. Ó ní ẹnu òun ò gbà á láti sọ fún yín."

Bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, tọmọ là á fi jẹ́ ẹ, ìyá náà sì jẹ́ ẹ dáadáa. Síbẹ̀ inú bí mi. Ọ̀gá wo ló ń rán ìyá rẹ̀ níṣẹ́ pé kó lọ dá òṣìṣẹ́ dúró?

"Mummy, òun náà ńkọ́?"

"Ó wà nínú mọ́tò nísàlẹ̀."

Mo sọ̀kalẹ̀, mo ṣílẹ̀kùn mọ́tò, mo jókòó tì í.

"Sọ ọ́ fúnra rẹ," mo ní.

"Aunty, I can't."

"Wàá sọ ọ́. Ìwọ ni ọ̀gá."

Ó sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́ ní Yorùbá, ohùn rẹ̀ ń já sókè já sílẹ̀ níbi tí kò yẹ: "Aunty, iṣẹ́ ti tán. Ẹ má bínú. I really tried." Ìbínú mi lọ. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú títí ìyá rẹ̀ fi sọ̀kalẹ̀ bá wa.

Ọ́fíìsì ńlá kan ní Camberwell ni mo wà báyìí. Owó oṣù kì í pẹ́, ìsinmi mi pé, bí mo bá sì ṣàìsàn wọn á ṣì sanwó fún mi. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ dá mi dúró lọ́la, lórí kọ̀ǹpútà ni wọ́n á ti fi ìwé ránṣẹ́ sí mi, ẹni tó bá sì fi í ránṣẹ́ kò ní sunkún.