Ìwọ̀ tí Ìyàwó Mi So Kẹ́yìn

Bí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀ tán létí ọ̀sà Àgbádárìgì, tí oòrùn sì yọjú díẹ̀ kó tó wọ̀, èsúnsún á bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde láti inú ilẹ̀. Ìyẹ́ wọn kì í gbé wọn jìnnà. Orí omi ni ọ̀pọ̀ wọn ń já sí, ẹja ẹpìyà á sì gòkè wá jẹ wọ́n. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ bẹ́ẹ̀, gbogbo èèyàn ló ń sáré gbé àwọ̀n. Ìyàwó mi kì í gbé àwọ̀n. Ìwọ̀ kan ṣoṣo ló ń lò, kì í sì í fi ekòló sí i. Ìyẹ́ adìyẹ funfun ló ń fi òwú wé mọ́ ọn lára, á gé e bí ìyẹ́ èsúnsún, kò ní so òjé mọ́ okùn rárá, kí ìwọ̀ náà lè léfòó. Ìyá rẹ̀ ní ìlú Imeke ló kọ́ ọ.

Èmi ará Èkìtì tí iṣẹ́ olùkọ́ gbé dé ibí, mi ò mọ̀ ju kí n máa fi ìwọ̀ lu omi lọ.

"Tíṣà," á wí, "ṣé ẹ fẹ́ na ẹja náà ni? Kò sí ní kíláàsì yín o."

Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ju ìwọ̀ nígbẹ̀yìn, àmọ́ ìwọ̀ tí òun bá so nìkan ni ẹja ń gbà gbọ́.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, àìsàn dá a dùbúlẹ̀. Mo ra àkùkọ funfun kan láti fi se ọbẹ̀ ata fún un. Kò lè gbé ọbẹ̀ náà mì. Ìyẹ́ àkùkọ ló béèrè. Ó jókòó lórí ibùsùn, ó fi gbogbo ọ̀sán so ìwọ̀ kan.

"Ti òjò àkọ́kọ́ nìyí," ó ní. "Ẹ má fi há ara ògiri o. Ìwọ̀ tí kò wọ omi, irin lásán ni."

Kò rí òjò náà. Àwọn tó wá bá mi kẹ́dùn ní ó ti lọ sinmi. Ta ló sọ fún wọn pé ó rẹ̀ ẹ́? Mo so ìwọ̀ náà mọ́ okùn, mo fi kọ́ ìṣó lára ògiri, níbi tí oòrùn ojú fèrèsé ń dé. Kò sí ohun mìíràn tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe tí a kò tíì lò gbó.

Nígbà tí òjò rọ̀, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó ń pẹja ní Ajara, wá kan ilẹ̀kùn mi.

"Ẹ̀gbọ́n, èsúnsún ti ń tú. Ìwọ̀ ẹ̀gbọ́n mi dà?"

"Ó wà lára ògiri. Ibẹ̀ ló máa wà."

"Ṣé ògiri yín ń jẹ èsúnsún ni?"

Mi ò rẹ́rìn-ín. Bí ẹja bá gbé e lọ, kí ló kù fún mi? Ṣùgbọ́n mo rántí ohun tí ìyàwó mi wí, mo yọ ọ́ kúrò lára ìṣó.

Nígbà tí a dé èbúté, omi dákẹ́. Wọ́n ti ri òpó iná sólà síbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n sì kó èèyàn wá pàtẹ́wọ́ fún un. Ọ̀dọ̀ iná yẹn ni gbogbo èsúnsún gbà lọ. Orí kọnkéré ni wọ́n ń já sí, adìyẹ ń ṣà wọ́n jẹ. Ẹja kan kò gòkè. Mo ní ká máa lọ sílé. Inú mi tilẹ̀ dùn díẹ̀ pé ìwọ̀ mi á padà sára ìṣó.

"Ẹ wọ ọkọ̀," ni àbúrò rẹ̀ wí, pẹ̀lú ohùn Ègùn tó máa ń le sí i bí inú bá ń bí i.

Ó fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ títí a fi kúrò nínú ìmọ́lẹ̀ náà, sí ẹ̀bá koríko lódìkejì. Èsúnsún díẹ̀ ń já bọ́ níbẹ̀. Mo ju ìwọ̀. Ó léfòó, ìyẹ́ rẹ̀ tẹ́ sórí omi. Ẹnu kan yọ, ó gbé e. Ọ̀pá ọparun tí mo so okùn mọ́ tẹ̀ kodoro. Mo fà, ẹja náà fà, okùn já.

Àbúrò rẹ̀ gba okùn náà, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò. "Àárín ló ti já. Oòrùn ara ògiri yín ló jẹ ẹ́. Òwú tí ẹ̀gbọ́n mi wé mọ́ ìwọ̀ kò tú."

"Mo mọ̀."

"Ẹja ńlá ni o."

"Mo ní mo mọ̀."

Ó wa ọkọ̀ padà. Ní èbúté, wọ́n bi mí pé kí ni mo pa. Mo ní mi ò pa nǹkan kan.

Ìṣó náà ṣì wà lára ògiri. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́nu ẹja kan nínú ọ̀sà, kò sì tú.