Olùkọ́ Ijó Tí Kò Lè Dúró Jẹ́ẹ́

Ẹni tí kò bá gbà pé ènìyàn lè jó lójú oorun, kó lọ bi ọkọ olùkọ́ ijó yìí. Káfíńtà ni ọkùnrin náà. Ìyàwó rẹ̀ ti ta á nípàá lórí bẹ́ẹ̀dì títí ọkọ fi lè mọ orin tí ìyàwó ń jó lójú àlá.

Àfi bí ìpá ṣe dáwọ́ dúró lọ́dún kan. Oríkèé ìgbáròkó ọ̀tún ló ń dun obìnrin náà, tó bá jókòó, ó di kó fọwọ́ ti ògiri kó tó dìde. Dókítà ya fọ́tò egungun, kò rí nǹkan kan pàtó. Ó ní bóyá kèrékèré ibẹ̀ ló ń gbó, ìyẹn ìbòrí yíyọ̀ tí kì í jẹ́ kí egungun ha egungun, àti pé bó bá rí bẹ́ẹ̀, kó gbàgbé ijó. Kó gbàgbé ijó kẹ̀! Obìnrin tó fi ijó tọ́ ọmọ yanjú, tí àwọn ìyá àgbà tó ń kọ́ kì í fẹ́ kó lọ sílé. Ọkàn rẹ̀ pòrúurùu.

Fọ́tò egungun kì í rí kèrékèré, ni wọ́n bá ní kó lọ sínú ẹ̀rọ MRI tuntun kan, èyí tó ń ya àwòrán inú ara, tó sì ń fi oríṣiríṣi àwọ̀ hàn, kí dókítà lè mọ ibi tí kèrékèré ti lágbára àti ibi tó ti ń rẹ̀ ẹ́.

Wọ́n ní kó má mira. Wọ́n tì í sínú ihò funfun náà, ẹ̀rọ sì bẹ̀rẹ̀: gbà-gbà, gbà-gbà-gbà, kùù. Wọ́n ní ìwà ní í bá oníwà dé sàréè, ti olùkọ́ bá a dé inú ẹ̀rọ. Orí ń ka ìlù, ìka ẹsẹ̀ ń dá a lóhùn. Àwòrán bàjẹ́. Ọmọbìnrin tó ń darí ẹ̀rọ náà sọ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, olùkọ́ jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun ò ní mira mọ́. Wọ́n tún un ṣe, ẹsẹ̀ tún bá tirẹ̀ lọ. Ọmọbìnrin náà ní tó bá tún bàjẹ́, ó di oṣù tó ń bọ̀. Ẹ̀rù wá ba olùkọ́ gan-an.

"Ọmọ mi, ẹ̀rọ yín ló ń lùlù," ó wí. "Jọ̀ọ́, ka nǹkan tí ò ládùn kankan sí mi létí."

Ọmọbìnrin náà wo ara ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìkìlọ̀ nípa iná: ilẹ̀kùn tí a ó gbà sá jáde, ibi tí a ó ti kóra jọ. Ó kà á tán, ó tún un kà. Kò sí abẹ̀mí tó lè jó sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ dúró jẹ́ẹ́, àwòrán sì yọ.

Nígbà tí èsì dé, dókítà pe tọkọtaya wọlé. Ó fi kọ̀ǹpútà hàn wọ́n: àwọ̀ ewé yí orí egungun ká, ó ní àwọ̀ ewé ni ìlera. Etí ibì kan ṣoṣo ló pọ́n díẹ̀, kò sì le. Iṣan ẹ̀yìn oríkèé ló ṣiṣẹ́ jù, òun ló ń dunni, ìdárayá yóò sì tún un ṣe.

"Ṣé mo lè jó?"

"Ẹ máa jó, mà. Fífò nìkan ni kẹ́ ẹ ṣì fi sílẹ̀ ná."

Kí obìnrin náà tó gbẹ́sẹ̀, káfíńtà ti ṣáájú rẹ̀. Ọkùnrin tí kò jó rí láti ọjọ́ ìgbéyàwó wọn ló ń ju apá kiri láàárín yàrá dókítà, orúnkún ń lọ sọ́tùn-ún, ìdí ń lọ sósì, kò sí èyí tó bá ìkejì mu. Inú olùkọ́ dùn dé ibi tí omijé ń dà lójú rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó rí ijó burúkú tí kò ní kí wọ́n tún un jó.