Ìpanu Kì í Ṣe Oúnjẹ

Mo rántí ìgbà tí ọ̀rá màlúù di oògùn ní Oko Ọba. Àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba fún alágbádá ni, kálukú sì ń retí kí nǹkan dẹrùn. Alápatà ni mí nígbà náà. Èmi ni màlúù mi já okùn, tó sáré títí dé Dópémú, tó rí wọ́dà tó nawọ́ sókè sí àwọn ọkọ̀, tí òun náà sì dúró. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi màlúù náà.

Ọ̀rá tí àwọn oníbàárà máa ń ní ká gé dànù ni dókítà obìnrin kan, ará Èkìtì, bẹ̀rẹ̀ sí í wá rà lọ́wọ́ mi. Ó ń ṣèwádìí ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìkẹjà lórí àwọn ọmọ tí wárápá ń gbé ṣánlẹ̀, tí oògùn kò sì ràn. Ó ṣàlàyé fún mi pé bí ènìyàn kò bá jẹ gàrí, ìrẹsì, búrẹ́dì àti ohun dídùn, ọ̀rá ni ara yóò máa sun bí epo, àti pé irú epo bẹ́ẹ̀ a máa mú ọpọlọ àwọn ọmọ mìíràn rọlẹ̀. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, ṣùgbọ́n mo mi orí bí ọ̀jọ̀gbọ́n. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ mi pé èmi àti dókítà la jọ ń ṣèwádìí.

Ọmọbìnrin kan wà lára àwọn tí dókítà ń tọ́jú. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ ló ń gbé, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ránṣọ nítòsí wa, ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló sì máa ń wá gba ọ̀rá láràárọ̀. Ilé ìwé ti lé e: ọ̀gá wọn ní àfi kó lo oṣù kan gbáko láìṣubú kó tó padà. Àwọn alápatà yòókù kì í gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní itọ́ rẹ̀ a máa ranni. Èmi fẹ́ fi hàn wọ́n pé akọni ni mí. Bó bá ti dé, mà á fi bàbá dúdú méjì, súìtì oníṣúgà tí wọ́n fi àgbọn ṣe, sí i lọ́wọ́. Èènì ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, ọmọ ṣì ń ṣubú. Dókítà á bi ìyá àgbà pé kí ló jẹ lánàá, ìyá á ní ẹyin, ẹran ọlọ́ràá àti ẹ̀fọ́, kò jẹ nǹkan mìíràn. Ó tún fi Ọlọ́run búra. Ṣùgbọ́n bébà tí wọ́n ń tì bọ ìtọ̀ ọmọ náà, tó yẹ kó di elésè àlùkò bí ara bá ń sun ọ̀rá, kò yí padà.

Lọ́jọ́ kan mo gbé ọ̀rá lọ fún dókítà fúnra mi, mo sì bá wọn níbẹ̀.

Dókítà ní, "Mọ́mì, ó jọ pé oúnjẹ yìí kò bá ara rẹ̀ mu. A máa dá a dúró lọ́jọ́ Ajé."

Ìyá àgbà tún gèlè rẹ̀ wé. "Ó dáa. Mo máa mú un lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, kó lọ máa ṣọ́ ewúrẹ́. Ẹ bá wa gbàgbé ọ̀rọ̀ ìwé."

Ọmọ náà di àpò ìwé rẹ̀ mú. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í bọ́ ọ lọ́rùn. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, mo máa jẹ ọ̀rá náà. Mo máa jẹ ẹ́ sí i."

Èmi ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ́ tù ú nínú. Mo kiwọ́ bọ àpò, mo na bàbá dúdú méjì sí i.

"Ọ̀gá alápatà! Kí lẹ̀ ń fún un yẹn?"

"Ìpanu ni, Dókítà. Ojoojúmọ́ ni mo ń fún un."

"Ojoojúmọ́! Ṣebí mo ní kò gbọ́dọ̀ jẹ nǹkan dídùn?"

"Kò jẹ ẹ́ o. Ó kàn fi ń panu ni."

Ìyá àgbà gbè mí lẹ́yìn kíá. "Òótọ́ ni wọ́n sọ. Èmi náà máa ń fún un ní búrẹ́dì díẹ̀ kó tó jẹun."

Dókítà jókòó pẹ̀sẹ̀. Ó wo èmi, ó wo ìyá àgbà, ó wá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀bi mi ni. Èmi tí mo jẹ odidi búrẹ́dì kan láàárọ̀ yìí, tí mo tún ń sọ fún nọ́ọ̀sì pé mi ò tíì jẹun!" Ó fa igi lé ìbéèrè inú ìwé rẹ̀, "Kí ló jẹ?", ó sì kọ òmíràn sábẹ́ rẹ̀: "Kí ló gba ẹnu rẹ̀ kọjá?"

Ọ̀rá díndín ni mo fi ń ṣe èènì láti ọjọ́ náà. Kò pẹ́ tí bébà fi di elésè àlùkò. Mo sọ ní Oko Ọba pé ọmọ náà kò lè ṣubú mọ́, kódà bí tírélà gbá a. Ó tún ṣubú lẹ́ẹ̀kan ṣá, nígbà tí oṣù kan ku ọjọ́ díẹ̀ kó pé, ọ̀gá ilé ìwé sì tún ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí oókan. Oṣù kejì pé pérépéré láìṣubú. Ó gbé àpò rẹ̀ lọ, ìwé sì wà nínú rẹ̀.

Olùkọ́ ni báyìí. Nígbà tó wá kí mi láìpẹ́ yìí, mo sọ fún un pé mi ò tíì jẹun láti àárọ̀. Ó wo èérún búrẹ́dì tó wà nínú irùngbọ̀n mi, ó ní, "Bàbá, kí ló gba ẹnu yín kọjá?"

Mo ti pa irọ́ púpọ̀ láyé mi, n kò sì rántí ẹni tí èyíkéyìí nínú wọn pa lára. Òótọ́ tí èmi àti ìyá àgbà sọ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ yẹn.