Darla Tjaden àti Ẹjọ́ Ọ̀gá Rẹ̀

Ní Hollis Grove, ìlú kékeré kan láàrin oko àgbàdo ní ìpínlẹ̀ Iowa, bí ẹ̀yìn bá ń ro ènìyàn, Darla Tjaden ni yóò lọ bá. Obìnrin gíga ni, ìdí ẹlẹ́dẹ̀ baba rẹ̀ ló dàgbà sí, ọwọ́ rẹ̀ sì le. Bó bá ti fi í kan ọ̀pá ẹ̀yìn ènìyàn, ó ti mọ ibi tó há.

Merle Brandsgard ló gbà á síṣẹ́ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé àṣẹ eegun títò. Bàbá náà ti ń to eegun ẹ̀yìn ní agbègbè yẹn kí wọ́n tó bí Darla. Òun ló kọ́ ọ bí a ti ń fi ìwúwo ara ṣiṣẹ́ dípò agbára apá. Ọ̀gá ni Darla ń pè é, kò sì fi ṣeré.

Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, ẹnu Merle bẹ̀rẹ̀ sí í ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ó ní kò sí àrùn tí eegun títò kò lè wò. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà ìkórè, Darla gbọ́ tó ń sọ fún àgbẹ̀ kan, Vernon Ubben, tí àtọ̀gbẹ ń bá fínra, pé kó pa abẹ́rẹ́ rẹ̀ tì ná.

Vernon jáde tán, Darla wọlé.

“Ọ̀gá, ẹ má bínú o. Àtọ̀gbẹ ò sí lára iṣẹ́ wa. Ẹ pe ọkùnrin yẹn padà.”

“Ìwọ ọmọ Tjaden yìí, ta ló kọ́ ọ níṣẹ́?”

“Ẹ̀yin ni. Ẹ ò kọ́ mi ní irú èyí.”

“Lọ to eegun ẹ, jàre!”

Darla fúnra rẹ̀ wa ọkọ̀ lọ sóko Vernon, ó bẹ̀ ẹ́. Vernon rẹ́rìn-ín. “Ọ̀kan ní kí n má gbabẹ́rẹ́, ọ̀kan ní kí n gbà á. Ẹ lọ parí ìjà yín ná!”

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ibi tí wọ́n ti ń mu kọfí lẹ́yìn ìsìn ni Vernon ṣubú sí. Díẹ̀ ló kù kó kú.

Òfin ní kí ẹni tó bá mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fi tó ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ tó ń fúnni níwèé àṣẹ létí. Darla kọ́kọ́ lọ bá ọ̀gá rẹ̀. “Mo ń fi ẹjọ́ yín sùn, mi ò sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì.” Merle mú ẹ̀wù òtútù rẹ̀, ó jáde.

Ìlú yí ojú padà sí Darla. Obìnrin tó ń gbé oúnjẹ ní ilé kọfí bi í pé, “Ìka ẹni tó bọ́ ọ lo wá ń bù jẹ?”

“Ìka tó fẹ́ pààyàn ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹ bá mi bu kọfí sí i.”

Nígbà tí ìgbìmọ̀ jókòó sẹ́jọ́ ní Des Moines, olú ìlú ìpínlẹ̀, lọ́yà Merle bi Darla pé, “Ṣé kì í ṣe àwọn oníbàárà rẹ̀ lo fẹ́ gbà?”

“Bó bá jẹ́ tìyẹn ni, mo kàn máa dákẹ́ ni. Bí wọ́n bá ti ń ṣubú lulẹ̀, wọ́n á fẹsẹ̀ ara wọn wá bá mi.”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Merle tẹjú mọ́lẹ̀.

Ìgbìmọ̀ gba ìwé àṣẹ rẹ̀ títí di ìgbà ìrúwé. Lẹ́yìn náà, kò gbọ́dọ̀ dá ṣiṣẹ́ fún ọdún kan, àfi lábẹ́ àbójútó ẹlòmíì tó ní ìwé àṣẹ. Wọ́n bi í bóyá ó ní ẹni tí yóò máa bójú tó o. Bàbá náà wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ta ni yóò fẹ́ fi orúkọ ara rẹ̀ dúró fún un?

Darla dìde. “Èmi ni.”

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Merle dojú kọ ọ́. “Ṣé kí o lè máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?”

“Rárá o, ọ̀gá. Ọwọ́ yín ṣì dáa ju tèmi lọ. Ẹnu yín nìkan ni mo fẹ́ máa ṣọ́.”

Bàbá náà fẹ́ bínú, ẹ̀rín kò jẹ́.

Ó padà síṣẹ́ nígbà tí yìnyín yọ́. Ó kọ́kọ́ ń kùn, ó ń fajú ro, ṣùgbọ́n ó ń pa òfin mọ́. Àwọn aláìsàn rẹ̀ àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Nígbà tó yá, Vernon Ubben náà dé, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀. Darla ṣílẹ̀kùn yàrá tirẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n Vernon kọjá lọ sọ́dọ̀ Merle, ó dojú bolẹ̀ lórí ibùsùn.

“Ẹ̀yìn mi ni o, Dókítà. Ẹ má gbà mí nímọ̀ràn kankan.”

“Pa ẹnu dé, kí o mí sóde,” ni Merle wí.

Láti òdìkejì ògiri, Darla gbọ́ tí eegun ró kọ́! Ó pe aláìsàn tó kàn.